Muscat d'Alexandrie: èso àjàrà tí wọ́n ń gbìn sínú kòtò

Bí ẹ bá dé ibi ìnáwó, ẹ lè rí ìgò ọtí funfun kan láàárín bíà àti sódàbì, tí wọ́n kọ « Muscat » sí lára. Àwọn kan ti bi wá léèrè pé kí ni muscat yìí: ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọtí náà ni, àbí orúkọ ìlú? Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Orúkọ èso ni. Bí àwa náà ṣe ní oríṣiríṣi iṣu tí a mọ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbin àjàrà ní orúkọ fún irú kọ̀ọ̀kan. Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kan nínú ìdílé muscat, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscat d'Alexandrie, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kan oko àti àgbẹ̀ ju bó ṣe kan ọtí lọ. Ẹni tí kì í mu ọtí náà lè kà á.

Irú èso wo ni?

Ìdílé muscat tóbi. Ó ní funfun, ó ní pupa, ó ní dúdú. Méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn funfun. Ọ̀kan ni Muscat à petits grains, tí hóró rẹ̀ kéré. Èkejì ni Muscat d'Alexandrie yìí, tí hóró rẹ̀ tóbi, tó gùn díẹ̀, tí èèpo rẹ̀ nípọn, tó sì ní kóró nínú. Funfun la ń pè é, ṣùgbọ́n kò funfun bí ẹ̀kọ o. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù, ó sì máa ń pọ́n di àwọ̀ wúrà bí oòrùn bá ti pa á tó.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ igi náà wò, bí dókítà ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò láti mọ ẹni tó bí i. Wọ́n rí i pé Muscat à petits grains jẹ́ ọ̀kan nínú òbí rẹ̀. Òbí kejì jẹ́ àjàrà dúdú kan tí wọ́n mọ̀ ní àwọn erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì. Kò sí ẹni tó jókòó tó so àwọn méjèèjì pọ̀; inú oko ni wọ́n ti pàdé fúnra wọn. Alẹkisáńdíríà, ìlú etí òkun ní Íjíbítì, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe ìwé ìbí.

Ohun tó mú un yàtọ̀ gan-an ni òórùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èso àjàrà funfun wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ ó kàn mọ̀ pé ó dùn ni, ó tán. Bí wọ́n bá fi ṣe ọtí, òórùn ọtí náà kì í jọ ti èso tí ẹ jẹ. Ti muscat kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ èso rẹ̀, ẹ mu ọtí rẹ̀, òórùn kan náà ni. Ó ń ta sánsán bí ìdí igi ọsàn ní àkókò tó bá tanná. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni da lọ́fínńdà sí i. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linalol ló wà nínú èso náà, òun kan náà ló wà nínú òdòdó ọsàn. Òmíràn tó ń jẹ́ géraniol tún wà níbẹ̀, ìyẹn sì wà nínú òdòdó rose.

Orúkọ rẹ̀ ń yí padà bó ṣe ń lọ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Àwọn ará Sípéènì ń pè é ní moscatel. Ní Gúúsù Áfíríkà, hanepoot ni. Ní gúúsù Ítálì, zibibbo ni, orúkọ yìí ló sì dùn mọ́ wa jù, torí inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Àwọn alfa wa tó gbọ́ èdè náà yóò dá a mọ̀ kíá: zabīb, èso àjàrà gbígbẹ, ohun tí Faransé ń pè ní raisin sec. Ẹ rí i pé jíjẹ ló wà nínú orúkọ náà, kì í ṣe mímu.

Erékùṣù tí atẹ́gùn ń jọba lé lórí

Ibi tí ẹ ó ti rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú zibibbo dáadáa ni Pantelleria. Erékùṣù kékeré kan ni ní àárín Òkun Mẹditaréníà, kìlómítà 83 péré níbùú lóròó. Ítálì ló ni ín, ṣùgbọ́n ibi tó wà yani lẹ́nu: láti ibẹ̀ dé etí òkun Túnísíà, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, kò ju nǹkan bí 70 kìlómítà lọ, nígbà tí Sísílì tó jẹ́ ti Ítálì jìnnà tó 100. Àwọn Lárúbáwá jọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láyé àtijọ́. Wọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ àwọn àdúgbò kò lọ: Khamma wà níbẹ̀, Gadir wà níbẹ̀.

Iná tó ń yọ láti inú ilẹ̀ ló ṣe erékùṣù náà, ìdí nìyẹn tí òkúta ibẹ̀ fi dúdú. Kò sí odò kankan tó ń ṣàn níbẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ kò pọ̀, àkókò òtútù sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń rọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, oṣù mélòó kan lè kọjá tí ilẹ̀ kò ní rí omi. Ìyẹn kò tíì jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ́gùn. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, láti ìhà gbogbo, ó sì ń gbé iyọ̀ òkun dání. Bí ẹ bá gbin àjàrà sí òró níbẹ̀, kí ó gun igi tàbí wáyà bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn, atẹ́gùn á já ọ̀mùnú rẹ̀, á gbọn òdòdó rẹ̀ dànù, iyọ̀ á sì jó ewé rẹ̀.

Kí ni àgbẹ̀ ibẹ̀ wá ṣe? Ó gbẹ́ kòtò. Ó gbẹ́ kòtò tí kò jìn púpọ̀, nǹkan bí 20 sàǹtímítà, ó fẹ̀, ó sì tẹ́ bí àwo ọbẹ̀. Àárín kòtò yìí ni ó gbin àjàrà sí. Nígbà òtútù, tí ewé bá ti rẹ̀ tán, wọ́n á gé igi náà lé ilẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀ka kúkúrú díẹ̀ sílẹ̀ kí ó tàn ká bí ìka ọwọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń gé e bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi náà kì í fi ga. Kì í tó orúnkún àgbà níbòmíràn. Atẹ́gùn á gba orí rẹ̀ kọjá. Òjò kékeré tó bá rọ̀ á ṣàn sínú kòtò náà, ìrì òru náà á kán síbẹ̀, gbòǹgbò á sì rí i mu. Alberello ni wọ́n ń pe irú igi bẹ́ẹ̀ ní èdè Ítálì, ìyẹn ni igi kékeré.

Ẹ jẹ́ ká fi wé tiwa. Àwa ń kọ ebè fún iṣu. À ń gbé ilẹ̀ sókè kí omi òjò má bàa dúró sí ìdí iṣu kó sì jẹrà, kí iṣu sì rí ilẹ̀ rírọ̀ ta sí. Àwọn ń gbé ilẹ̀ wálẹ̀ kí omi má bàa lọ. Ọgbọ́n kan náà ni, omi nìkan ló yàtọ̀. Àwọn ará Burkina tí ilẹ̀ wọn gbẹ náà ń gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ fún ọkà bàbà, zaï ni wọ́n ń pè é. Bí a bá ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí ni a fẹ́ràn jù, torí ọmọ tó bá ti kọ ebè rí yóò gbọ́ ọ láìjẹ́ pé a ya àwòrán kankan.

Gbogbo nǹkan ní erékùṣù náà ló ń wá omi, tó sì ń sá fún atẹ́gùn. Àgbẹ̀ to òkúta dúdú lé ara wọn láìfi simẹ́ǹtì sí i, ó fi ṣe ògiri kékeré láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ má bàa ṣàn lọ. Òrùlé ilé àtijọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní dammuso, rí rogodo díẹ̀ lókè, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Omi òjò tó bá bọ́ sí i á ṣàn lọ sínú àgbá omi tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín ni ti igi ọsàn: ẹ ó rí ògiri òkúta roboto kan tó ga ju ènìyàn lọ, tí kò ní òrùlé, bí ẹni pé ọba ló ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, igi ọsàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Torí atẹ́gùn ni wọ́n ṣe kọ́ ilé fún un.

Ìwé kan náà pẹ̀lú Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ní ọdún 2014, UNESCO kọ ọ̀nà ìgbìn kòtò yìí sínú ìwé ogún àṣà aráyé, èyí tó wà fún àwọn ogún tí kì í ṣe ilé tàbí òkúta, bí kò ṣe ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ ìwé náà. Òun ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó sì wọ inú ìwé yìí ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo pọ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kòtò ní Pantelleria àti àgbà tó ń kọ́ ọmọ ní orin ẹ̀fẹ̀ ní òru ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú ilé kan náà.

Ìṣòro wọn náà sì jọ ara wọn. Ẹ̀rọ kì í lè wọ irú oko bẹ́ẹ̀. Láàárín ògiri òkúta, lórí ilẹ̀ tó dagun, níbi tí igi kò ga ju ẹsẹ̀ lọ, ibo ni tractor fẹ́ gbà? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ kòtò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kórè, lórí ìkúnlẹ̀ tàbí lórí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ lọ wá iṣẹ́ tí kò ní máa dun ẹ̀yìn wọn. Nígbà kan rí, èso gbígbẹ láti Pantelleria rí ọjà tà dáadáa. Lẹ́yìn náà ni àjàrà gbígbẹ tí kò ní kóró gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, torí àwọn ènìyàn kò fẹ́ máa tu kóró mọ́. Oko tí wọ́n ń dá ní erékùṣù náà lónìí kéré púpọ̀ sí ti ìgbà náà. Ẹ ó rí ògiri òkúta tí igbó ti bò, tí kò sí àjàrà kankan láàárín rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé ìwé UNESCO dára, ó ń mú kí àlejò wá, ó ń mú kí ìjọba ronú. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ro oko. Bẹ́ẹ̀ ni kì í kọrin ẹ̀fẹ̀. Ohun tó ṣì ń mú àwọn kan dúró sí oko ní Pantelleria ni pé ohun tí wọ́n ń fi zibibbo ṣe ń mú owó wọlé, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbà láti san iye tó tó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe passito

Ohun náà ni ọtí aládùn tí wọ́n ń pè ní passito. Ní nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ, wọ́n á kọ́kọ́ ká àwọn èso tó ti gbó jù. Wọ́n á tẹ́ wọn sínú oòrùn, bí a ṣe ń sá ata tàbí gbókìtì sórí ẹní, fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn kó tó mẹ́rin. Wọ́n á máa yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa bò wọ́n bí ìrì bá fẹ́ sẹ̀. Omi inú rẹ̀ á lọ, ṣúgà á kù. Nǹkan bíi kìlò mẹ́rin èso tútù ló ń di kìlò kan èso gbígbẹ, ẹ wá ronú iye ìkúnlẹ̀ tó wà nínú ìgò kan.

Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n á ká àwọn tó kù, wọ́n á fún omi wọn, wọ́n á sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ̀yin ẹlẹ́mu mọ ìhó yìí. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ bọ̀ dùn bí omi ṣúgà. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń hó, ó ti ń ta lẹ́nu. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín-ín tí ojú kò lè rí, tí Faransé ń pè ní levure, ló ń jẹ ṣúgà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú omi àjàrà. Àárín ìhó yìí ni wọ́n á wá da èso gbígbẹ sí i, tí wọ́n ti fi ọwọ́ já kúrò lára igi rẹ̀. Èso gbígbẹ náà á rọ̀, á tú ṣúgà àti òórùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn levure á jẹ, wọ́n á jẹ, títí ọtí fi máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò rẹ̀ wọ́n, ní nǹkan bí ìdá 14 tàbí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣúgà tí wọn kò lè jẹ tán ló mú ọtí náà dùn. Àwọ̀ rẹ̀ ń dà bí oyin.

Ilẹ̀ Faransé ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Rivesaltes, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Perpignan, níbi tí ilẹ̀ Faransé ti fẹ́ kan Sípéènì, wọ́n ń fi muscat méjèèjì tí a dárúkọ lókè ṣe Muscat de Rivesaltes. Wọn kì í dúró kí levure rẹ̀. Bí omi àjàrà bá ń hó lọ́wọ́, tí ṣúgà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n ti sè láti inú àjàrà sí i, levure á kú, ìhó á dúró. Ó dà bí ẹni pé ẹ bu sódàbì tó le dáadáa sínú ẹmu tó ń hó, kí dídùn rẹ̀ má bàa lọ. Ìtàn fi ọgbọ́n yìí sí orúkọ Arnaud de Villeneuve, dókítà kan ní Montpellier, ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Òfin ibẹ̀ sọ pé ọtí inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 15, ṣúgà rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 100 gíráàmù nínú lítà kan. Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ṣúgà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Gbogbo muscat kọ́ ló dùn bẹ́ẹ̀ o. Ní Kelibia, ní etí òkun Túnísíà tó kọjú sí Pantelleria, wọ́n ń fi Muscat d'Alexandrie ṣe ọtí tí kò ní ṣúgà mọ́. Òórùn rẹ̀ á ní ó dùn, ẹnu yín á ní kò dùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ṣé ó lè hù lọ́dọ̀ wa?

Ìbéèrè yìí ni àwọn àgbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi wá. Igi àjàrà lè hù níbi tó bá móoru, ṣùgbọ́n òtútù ló máa ń mú kó sùn kó sì sinmi. Níbi tí kò ti sí òtútù, kì í sùn, àfi kí àgbẹ̀ fi gígé ẹ̀ka àti omi darí rẹ̀. Àwọn ará Brazil ń ṣe é ní Petrolina, lẹ́bàá odò São Francisco, wọ́n sì ń kórè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, muscat pàápàá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni Petrolina, omi odò ni wọ́n ń fà sí oko. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò àti ọ̀rinrin máa ń mú kí olú funfun bo ewé àti èso àjàrà. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ìdí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan já jẹ, kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ dá oko àjàrà, kó kọ́kọ́ wá bá wa sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìgò

Ẹ ka ìwé tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí « vin doux naturel » tàbí « passito », ọtí àjàrà aládùn ni, tó sì lágbára ju bíà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, torí náà ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún. Bí ẹ bá rí « sec », kò ní ṣúgà púpọ̀. Bí ẹ bá rí « boisson aromatisée à base de vin », ẹ mọ̀ pé wọ́n ti fi òórùn kún un láti ìta. Kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń sọ láti àárọ̀, kí ẹ má sì san iye muscat fún un. Àwòrán aboyún tí wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá túmọ̀ sí ohun tí ẹ rò pé ó túmọ̀ sí.

Ẹ mu ún ní tútù. Ìgò tí ẹ bá ti ṣí, ẹ dé e padà kí ẹ gbé e sínú frigo: èyí tó dùn lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ti sec, ẹ gbìyànjú kí ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ méjì.